Orí Kẹfà: Títì Tí Ó Wọ Inú Adágún

Bí ìròyìn bá kàn pé ọ̀dọ́langba kan wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ inú adágún ní òru, ìdájọ́ ni ó máa ń ṣáájú ìkáàánú lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn: wọ́n á ní ọtí ni ó mu yó, tàbí pé oorun ni ó gbé e lọ, tàbí pé fóònù ni ó ń tẹ̀ nígbà tí ó yẹ kí ojú rẹ̀ wà lọ́nà, àwọn mìíràn á tilẹ̀ béèrè pé, omi tí ó tẹ́ rẹrẹ tó bẹ́ẹ̀, ojú wo ni kò ní rí i? Òtítọ́ ni pé ọtí wà, oorun wà, fóònù kò sì kéré nínú ohun tí ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí á pe àwọn ẹlẹ́rìí tí a kì í sábà pè sí irú ẹjọ́ báyìí, èyíinì ni ìmọ́lẹ̀, omi, ojú, àti títì tí àwọn àgbà là dé etí omi tí wọn kò sì fi nǹkan kan dí i. Nígbà tí a bá gbọ́ tẹnu wọn tán, yóò hàn sí wa pé ọmọ tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, tí kò fi ẹnu kan ọtí, tí kò sì tòògbé, lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ darí ọkọ̀ sínú omi, kí ó má sì mọ̀ pé omi ni títí tí imú ọkọ̀ yóò fi rì.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀ràn kan tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ní ìpínlẹ̀ Ontario ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ilẹ̀ kan wà tí ó yọ ṣóńṣó wọ inú omi, Bruce Peninsula ni wọ́n ń pè é. Adágún Huron wà ní ọwọ́ kan rẹ̀, Georgian Bay, tí í ṣe apá kan adágún ńlá náà, sì wà ní ọwọ́ kejì. Ní ṣóńṣó rẹ̀ pátápátá ni ìlú kékeré Tobermory wà. Ibẹ̀ ni títì tí wọ́n ń pè ní Highway 6 ti já sí omi, tí àwọn èrò ti ń kó ọkọ̀ wọn wọ inú ọkọ̀ ojú omi ńlá Chi-Cheemaun láti rékọjá sí erékùṣù Manitoulin, níbi tí títì kan náà, tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà, tún ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀. Omi agbègbè náà kì í ṣe omi eré: ó ju ogún ọkọ̀ ojú omi lọ tí ó rì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti ayé àtijọ́, tí wọ́n wà níbẹ̀ di òní olónìí, tí àwọn òmùwẹ̀ sì ń lọ wò wọ́n, àgbà atukọ̀ tí omi ti pọ́n lójú ni ó sì ń tu púpọ̀ nínú wọn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, ọ̀dọ́bìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25 ń wa ọkọ̀ lọ ní ìlú náà ní òru. Òjò ń rọ̀, kùrukùru sì bo ilẹ̀. Kò mọ ìlú náà dunjú, nítorí bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ amọ̀nà ni ó gbójú lé. Ó tẹ̀ lé ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà là fún un títí ó fi dé èbúté Little Tub, níbi tí wọ́n fi kọnkéré ṣe ojú gẹ̀rẹ́ kan tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi fi ń sọ ọkọ̀ wọn kalẹ̀ sínú omi. Ó gba orí kọnkéré náà sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń lọ lójú títì, ó sì bá ara rẹ̀ nínú Georgian Bay, nínú omi tí òtútù rẹ̀ ń gún ni lára. Kí ọkọ̀ náà tó rì, ó ti sọ gíláàsì fèrèsé kalẹ̀, ó gba ibẹ̀ jáde, ó sì lúwẹ̀ẹ́ nǹkan bí 30 mítà dé èbúté. Ó yè é. Àwọn oníròyìn jákèjádò ayé gbé ọ̀rọ̀ náà, púpọ̀ nínú wọn sì gbé e bí ohun ẹ̀rín. Èmi kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Ohun méjì ni mo rí tí ó yẹ kí á gbé yẹ̀ wò dáadáa: bí omi ṣe lè fi ara pa mọ́ fún ẹni tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀, àti ohun tí ọ̀dọ́bìnrin náà ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan tí ó sọ ọ́ di ẹni tí ń jíhìn fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìmọ́lẹ̀. Ojú kì í rí nǹkan kan àyàfi bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ara nǹkan náà wá bá a. Bí iná iwájú ọkọ̀ bá tàn sórí igbó, sára ògiri, tàbí sórí ọ̀dà títì tí ó ti gbó, ojú àwọn nǹkan wọ̀nyí kò dán, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tí ó bá lù wọ́n á fọ́n ká, sí ọ̀tún, sí òsì, sí òkè, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó tan iná, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo tí a dà sórí òkúta wẹ́wẹ́ ti í ta káàkiri, tí díẹ̀ sì í ta padà sí ẹsẹ̀ ẹni tí ó dà á. Omi tí ó pa rọ́rọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ dán tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kì í fọ́n ká lórí rẹ̀. Apá ibi tí ó kọjú sí ni yóò máa bá lọ. Ẹni tí ó dúró lẹ́nu kànga tí ó tan tọ́ọ̀ṣì sísàlẹ̀ gan-an, nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ náà ni omi yóò dá padà fún un, ìyókù á wọlé lọ. Ṣùgbọ́n iná ọkọ̀ kì í ti òkè wá: gíga rẹ̀ kúrò nílẹ̀ kò tó mítà kan, bí omi bá sì wà ní 30 mítà níwájú, ńṣe ni ìmọ́lẹ̀ náà ń rá bàbà lójú omi kí ó tó kàn án, bí ó bá sì ti kàn án báyìí, ohun tí ó ju ìdá 80 nínú 100 lọ ni omi yóò tì síwájú, lọ sí òdìkejì, jìnnà réré sí ẹni tí ó tan án. Ìwọ̀nba tí ó bá wọ inú omi, ìsàlẹ̀ ni ó ń bá lọ, omi á sì gbé e mì. Ohun tí ó kù fún awakọ̀ láti rí ni dúdú lásán, dúdú tí kò sì yàtọ̀ sí ti ọ̀dà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́.

Òjò ni ó wá ń parí iṣẹ́ náà. Bí omi òjò bá ti bo ojú ọ̀dà, ọ̀dà náà á di dídán, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìmọ́lẹ̀ síwájú dípò kí ó dá a padà, débi tí títì yóò fi dà bí omi, tí omi yóò sì dà bí títì, tí ojú kò ní lè pààlà sáàárín wọn. Bí àtùpà bá ń tàn ní òdìkejì adágún, òjìji wọn á nà gbọọrọ lójú omi wá sí ọ̀dọ̀ awakọ̀, gẹ́lẹ́ bí òjìji iná ojú pópó ti í nà lórí títì tí ó tutù, ọkàn á sì sọ fún un pé ìlú kù níwájú, pé ọ̀nà kò tíì tán. Kùrukùru tún ní àrékérekè tirẹ̀: ìmọ́lẹ̀ tí omi kò dá padà, kùrukùru ń dá tirẹ̀ padà ní àdápọ̀jù, ó ń da funfun sójú awakọ̀, bí ó bá sì tan iná tí ń nà jìnnà kí ó lè ríran dáadáa, bí ẹni fi ọwọ́ ara rẹ̀ bojú ni. Òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ẹni tí ó mọ ọkọ̀ wà.

Wàyí o, a dé ọ̀dọ̀ ojú. Ní ẹ̀yìn ẹyinjú ènìyàn, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀, oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ni ó sì kún inú rẹ̀. Àwọn kan jẹ́ ti ọ̀sán, wọ́n tó nǹkan bí mílíọ̀nù 6, àwọn ni wọ́n mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, àwọn ni a fi ń kàwé tí a fi ń dá ojú ènìyàn mọ̀, àárín gbùngbùn awọ náà sì ni wọ́n pọ̀ sí jù. Àwọn yòókù jẹ́ ti òru, wọ́n tó nǹkan bí mílíọ̀nù 120, wọn kò mọ àwọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tíńtín tó wọn; kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ní àárín gbùngbùn yẹn. Èyí ni ó fà á tí ohun tí a tẹjú mọ́ gan-an nínú òkùnkùn fi ń pòórá mọ́ wa lójú, tí a sì máa ń rí i padà bí a bá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ohun tí àwọn ọdẹ aperin mọ̀ kí ìwé tó dé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì òru wọ̀nyí kì í sì í tètè jí: ó ń gbà wọ́n tó 20 sí 30 ìṣẹ́jú kí agbára wọn tó pé, ìmọ́lẹ̀ líle ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sì tó láti dá wọn padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Òtítọ́ ni pé awakọ̀ kì í wà nínú òkùnkùn biribiri, nítorí iná ọkọ̀ rẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́, àárín méjì ni ojú rẹ̀ máa ń wà. Síbẹ̀, ẹni tí ó fi fóònù tí ń tàn yanran kọ́ síwájú rẹ̀ kí ó lè máa wo àwòrán ọ̀nà, gbogbo ìgbà tí ó bá wò ó ni ó ń ta ìríran òru tí ó kù fún un nù.

Ohun tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé awakọ̀ kì í mọ̀ pé ojú òun ti dín kù. Ní ọdún 1977, àwọn onímọ̀ ìríran méjì ní Amẹ́ríkà, Herschel Leibowitz àti Alfred Owens, ṣe àlàyé kan tí mo kà sí ọ̀kan nínú àlàyé tí ó ṣe pàtàkì jù lórí ìwakọ̀ ní òru. Wọ́n ní iṣẹ́ méjì ni ojú ń ṣe. Iṣẹ́ kan ni kí ó dá nǹkan mọ̀: òkúta ni èyí, ewúrẹ́ ni èyí, omi ni èyí. Iṣẹ́ kejì ni kí ó máa tọ́ ara sọ́nà, kí ènìyàn lè rìn láìṣubú, kí awakọ̀ sì lè fi ọkọ̀ rẹ̀ sáàárín ìlà méjì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, iṣẹ́ àkọ́kọ́ á bàjẹ́ gidigidi, ṣùgbọ́n èkejì kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Nítorí náà ni awakọ̀ òru fi ń rí i pé ọkọ̀ ń gbọ́ràn sí òun lọ́wọ́, pé òun kò yà bàrá, pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé, tí ó sì ń sáré bí ẹni pé ọ̀sán ni, láìmọ̀ pé ojú tí ó yẹ kí ó kìlọ̀ fún òun nípa ohun tí ó wà níwájú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́.

Ẹ wá fi èyí wé ìwọ̀n ilẹ̀ tí ọkọ̀ ń jẹ kí ó tó dúró. Ìwé òfin ojú pópó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ọkọ̀ tí ń sá 48 kìlómítà ní wákàtí kan yóò rìn 23 mítà láti ìgbà tí awakọ̀ bá ti rí ewu títí tí ọkọ̀ yóò fi dúró. Bí ó bá ń sá 96 kìlómítà, á di 73 mítà. Bí títì bá sì tutù, bíréèkì á gbà tó ìlọ́po méjì ilẹ̀ tí ó ń gbà tẹ́lẹ̀. Iná ọkọ̀ tí a rẹ̀ sílẹ̀, tí a fi ń yẹra fún dídí ẹlòmíràn lójú, kì í sábà fi ohun dúdú hàn kọjá nǹkan bí 50 mítà. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò á rí i pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ ní òru ń sá kọjá ibi tí ojú wọn dé. Bí ó bá tún wá jẹ́ pé ojú gẹ̀rẹ́ èbúté ni wọ́n já lé, níbi tí ilẹ̀ ti ń wọ̀ ní mítà kan sí mítà kan ààbọ̀ nínú gbogbo mítà mẹ́wàá, tí èéhù omi sì mú kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa yọ̀, ẹsẹ̀ lórí bíréèkì kò ní lágbára tí a rò.

Kí ni ó wá fi àwọn ọ̀dọ́ sínú ewu yìí ju àgbà lọ? Kì í ṣe ojú. Ojú ọ̀dọ́ sàn ju ti àgbà lọ ní òru, nítorí bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè ni ọmọlójú kì í lè là gbàgà mọ́, tí ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá nínú ẹyinjú sì ń ṣókùnkùn, tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ tí ń dé ẹ̀yìn ojú ẹni 60 ọdún kò fi ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti ẹni 20 ọdún lọ. Síbẹ̀síbẹ̀, ní Amẹ́ríkà, bí a bá wọn máìlì tí olúkúlùkù wà, àwọn awakọ̀ ọlọ́dún 16 sí 19 ń ní ìjàǹbá tí ó la ikú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta àwọn tí ó dàgbà jù wọ́n lọ. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gorí igi kò ní rí i. Ẹ̀rí òwe yìí sì wà nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ní ọdún 1972, Ronald Mourant àti Thomas Rockwell fi ẹ̀rọ tí ń ya ibi tí ojú ń wò sórí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ àti àwọn tí ó ti mọ̀ ọ́n wà tipẹ́, wọ́n sì rí i pé ojú àwọn akọ́ṣẹ́ kì í lọ jìnnà: ilẹ̀ tí ó wà níwájú ọkọ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣọ́, wọn kì í sì í wo jígí ọkọ̀ tó, nígbà tí ojú àwọn àgbà awakọ̀ ń lọ síwájú réré, tí ó ń yà sọ́tùn-ún sósì.

Níbi èbúté ní òru, ọ̀tún àti òsì yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Omi lè fi ara rẹ̀ pa mọ́, ṣùgbọ́n kò lè fi aládùúgbò rẹ̀ pa mọ́. Àgbà awakọ̀ á kíyè sí i pé òpó iná kò sí ní ẹ̀gbẹ́ títì mọ́. Pé ilé tí ó ń rí ní ọwọ́ méjèèjì ti tán lójijì. Pé àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró ṣánṣán lókè níbi tí kò yẹ kí igi wà, òpó ọkọ̀ ojú omi sì ni wọ́n. Pé òórùn ẹja àti ti ewé tó rà ń gba fèrèsé wọlé. Ó tún kù: ohùn táyà á yí padà lábẹ́ rẹ̀, nítorí kọnkéré ojú gẹ̀rẹ́ èbúté, ìlà-ìlà ni wọ́n sábà máa ń gé e kí táyà má baà yọ̀, ìlà wọ̀nyí á sì máa kùn hùn-ùn lábẹ́ ọkọ̀, yàtọ̀ sí ìdákẹ́jẹ́ ọ̀dà. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ, tí ọwọ́ rẹ̀ le gbagidi mọ́ ìtọ́kọ̀, tí rédíò ń kọrin sí létí, tí ọ̀rẹ́ mẹ́ta sì ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀, kò ní àyè nínú ọpọlọ tí yóò fi gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí ó bá láṣọ tó àgbà, kò tíì lákìísà tó o. Bí àárẹ̀ bá tún kún un, ìṣòro ti di méjì: ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà ní ọdún 1997 fi hàn pé ẹni tí kò tíì sùn fún wákàtí 17, bí ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ṣe ń lọ́ra kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó ti mu ọtí dé ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kà sí ẹ̀ṣẹ̀. Abájọ tí ìjọba Ontario, nígbà tí wọ́n ṣe òfin ìwé àṣẹ onípele ní ọdún 1994, fi dá àwọn akọ́ṣẹ́ lẹ́kun pé wọn kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ láti agogo méjìlá òru títí di agogo márùn-ún ìdájí. New Zealand ti ṣáájú wọn gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1987. Òfin rere ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò bú ọmọ, àyè ni ó fún un láti dàgbà.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa ẹ̀rọ amọ̀nà. Abéèrè kì í ṣìnà, bẹ́ẹ̀ ni a ti ń wí, ṣùgbọ́n ènìyàn ẹlẹ́ran ara tí ó mọ ilẹ̀ ni àwọn tí ó pa òwe náà ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí yóò wo ojú ọ̀run kí ó tó fèsì pé ọ̀nà ibẹ̀ yẹn kò dára lálẹ́ yìí. Ẹ̀rọ amọ̀nà kò rí ilẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe kò ju pé ó ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì, ó ń fi ṣe ìṣirò ibi tí ọkọ̀ wà, ìṣirò náà sì lè fi mítà márùn-ún yẹ̀ lójú gbangba pàápàá. Lẹ́yìn náà á wá fi wé àwòrán ilẹ̀ tí ènìyàn yà. Bí ẹni tí ó yà á bá fa ìlà títì dé ìsàlẹ̀ èbúté, títì ni ẹ̀rọ náà mọ̀ ọ́n sí. Bí títì bá sì ń gun ọkọ̀ ojú omi rékọjá bí ti Tobermory, ìlà kan ṣoṣo ni ó ń rí lórí àwòrán, láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Kò mọ̀ pé òjò ń rọ̀. Kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ohùn rẹ̀ tí kì í mì, tí kì í ṣiyèméjì, ni ó sì ń tan ọmọdé jẹ jù, nítorí a ti tọ́ wọn pé kí wọ́n gbọ́ràn sí ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó mọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, àwọn kan tẹ̀ lé irú ohùn bẹ́ẹ̀ wọ orí adágún Champlain ní Vermont, ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ojú omi náà ti di yìnyín, yìnyín náà sì dá lábẹ́ ọkọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí á gbà pé ohun tí a ń sá fún ti dé, ọkọ̀ ti wọ omi. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí ó tẹ̀ lé e yìí ni mo fẹ́ kí òǹkàwé mi tẹ́tí sí jù lọ nínú orí yìí, nítorí ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ọkọ̀ kì í rì lẹ́ẹ̀kan náà. Gordon Giesbrecht, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Manitoba ní Kánádà, ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ohun tí omi tútù ń ṣe sí ara ènìyàn, kó ènìyàn sínú ọkọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì sọ ọkọ̀ náà sínú omi kí ó lè mọ bí wọn yóò ṣe jáde. Ohun tí ó rí ni pé ọkọ̀ máa ń léfòó fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú àáyá sí ìṣẹ́jú 2, kí imú rẹ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì wúwo sí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dorí kodò. Ní gbogbo àkókò yẹn, gíláàsì fèrèsé ṣì wà lókè omi, iná mànàmáná tí ń sọ ọ́ kalẹ̀ ṣì sábà máa ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn kọ́. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà kan ní ìbú àti òró, bí omi bá ti mù ún dé òkè, ìwọ̀n omi tí ń tì í látìta tó 500 kìlógíráàmù, kò sì sí apá ọmọ ènìyàn tí ó ká ìyẹn. Bí awakọ̀ bá sì ráyè ṣí i kí omi tó pọ̀, omi á ya wọlé, ọkọ̀ á rì kíákíá, àwọn tí ó kù nínú rẹ̀ á sì bá a lọ.

Nítorí náà, kí ó tú bẹ́líìtì rẹ̀, kí ó sọ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí ọmọ kékeré bá wà nínú ọkọ̀ kí ó kọ́kọ́ ti ọmọ náà jáde, kí òun náà sì tẹ̀ lé e gba fèrèsé. Kí ó má pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Mo mọ̀ pé ìyá ẹni ni yóò kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan tí yóò fi sọ ibi tí ó wà náà ni ìṣẹ́jú tí fèrèsé fi ṣí sílẹ̀ fún un; bí omi bá ti gòkè dé gíláàsì, á tì í mọ́ ojú ihò rẹ̀, kò sì ní lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ìmọ̀ràn àtijọ́ kan ń kiri pé kí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́ títí omi yóò fi kún inú ọkọ̀ kí ilẹ̀kùn lè ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ pa á tì. Ẹni tí ó dúró de ìgbà náà ti ń mí afẹ́fẹ́ ìkẹyìn.

Bí fèrèsé bá kọ̀ tí kò sọ̀ kalẹ̀, àfi kí á fọ́ ọ, ìmọ̀ kan sì wà níhìn-ín tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò kò ní. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́ irú èyí tí a fi ooru le, tí ó máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí irin ṣóńṣó bá gún un ní igun. Irinṣẹ́ kékeré onísípíríǹgì kan wà tí a lè so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún iṣẹ́ yìí, ó sì sàn ju òòlù lọ, nítorí omi kì í jẹ́ kí ènìyàn lè ju òòlù dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé kan ti ń lo gíláàsì onípele, irú ti iwájú ọkọ̀, tí a fi ike lẹ̀ láàárín. Nígbà tí ẹgbẹ́ onímọ́tò Amẹ́ríkà, AAA, dán irú irinṣẹ́ mẹ́fà wò ní ọdún 2019, mẹ́rin fọ́ gíláàsì tí a fi ooru le, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo tí ó fọ́ onípele. Orúkọ irú gíláàsì tí ó jẹ́ sábà máa ń wà ní igun ìsàlẹ̀ rẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní.

Ẹni tí ó bá jáde sínú omi tútù, èémí rẹ̀ yóò já lọ́wọ́ rẹ̀, àyà rẹ̀ á máa sọ kúlúkúlú. Giesbrecht kọ́ni pé kí ó kọ́kọ́ fún ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan láti gba èémí rẹ̀ padà, kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnu wọ omi. Lẹ́yìn náà ni yóò ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yóò ṣì máa gbọ́ tirẹ̀ kí ó lè wá etí omi.

Adágún wa kò tutù bí ti Kánádà, ṣùgbọ́n ọ̀nà wa ń bá omi pàdé ju bí a ti rò lọ. Omi làbùwẹ̀, omi làbùmu, kò sí ẹni tí í bá omi ṣọ̀tá; àwọn tí ó dá Èkó dó sétí ọ̀sà mọ èyí, wọ́n sì mọ ibi tí ilẹ̀ wọn ti parí. Àwa tí à ń la títì tuntun lójoojúmọ́ ni ó dà bí ẹni pé a ti gbàgbé. Àwọn ará Ìbàdàn tí ó rí omíyalé Ògùnpa ní oṣù kẹjọ ọdún 1980 lè sọ fún ọmọ wọn bí títì ṣe ń di odò láàárín òru kan ṣoṣo. Omi tí ń ṣàn, bí jíjìn rẹ̀ kò tilẹ̀ ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ, lè gbé ọkọ̀ kékeré lọ, bí ó bá tó 60 sẹ̀ǹtímítà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni kò lè dúró dè é. Bí òkùnkùn bá bo irú omi bẹ́ẹ̀, ohun tí mo ti sọ nípa dúdú ọ̀dà àti dúdú omi kan ọmọ Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ọmọ Ontario.

Ẹ̀bi tí ó pọ̀ jù, lójú tèmi, wà lọ́rùn àwọn tí ń la títì dé etí omi tí wọn kì í fi àmì síbẹ̀. Ní ọdún 1934 ni Percy Shaw, ará Halifax ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ fún ohun kékeré kan tí ó fi gíláàsì ṣe, tí wọ́n ń rì mọ́ àárín títì, tí ó sì ń dá ìmọ́lẹ̀ padà tààrà sí ojú ẹni tí ó tan án, òdìkejì pátápátá ohun tí omi ń ṣe. Ìlà irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tàbí òpó kúkúrú tí a lẹ ìwé tí ń dán mọ́, bí a bá gbé e dí ẹnu ojú gẹ̀rẹ́ èbúté, owó rẹ̀ kò tó ti táyà ọkọ̀ ńlá kan. Àjọ tí ń bójú tó ojú pópó wà ní orílẹ̀-èdè wa láti ọdún 1988; kí wọ́n ka iye èbúté àti afárá tí kò ní àmì, kí wọ́n sì fi síbẹ̀. Ó tún dùn mí púpọ̀ pé ọmọ ọdún 18 lè gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ti jókòó tì í rí nínú ọkọ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má dúró de ìjọba. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ọkọ̀ yín bá wà ní ìdúró ní àgbàlá, ẹ mú ọmọ yín jókòó sí àyè awakọ̀, ẹ ní kí ó di ojú rẹ̀, kí ó tú bẹ́líìtì, kí ó sì fi ọwọ́ wá bọ́tìnnì fèrèsé títí tí yóò fi rí i láìla ojú. Ẹ jẹ́ kí ó ka ohun tí ó wà ní igun gíláàsì fún yín sókè. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ wa ọkọ̀ lọ sí ibi tí omi wà, ẹ dúró ní ibi tí ó jìnnà sí i dáadáa, ẹ tan iná, kí ẹ sì ní kí ó fi ìka hàn yín ibi tí títì ti parí. Ẹ ṣe é fún gbogbo ọmọ tí ń wa ọkọ̀ nínú ilé yín, kí ẹ sì tún un ṣe bí ẹ bá pààrọ̀ ọkọ̀, nítorí bọ́tìnnì fèrèsé kì í wà ní ojú kan náà nínú gbogbo ọkọ̀.